Bàbá Àkànjí, Etí Baálẹ̀

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ní Bẹ́yẹrúnkà ń tẹnu mọ́ ọn pé ènìyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Àkànjí. Mo ń ṣe àmín sí àdúrà wọn, n kò sì bá wọn jiyàn, nítorí a kì í bá ẹni tó wá kíni kú ọ̀fọ̀ jà. Ṣùgbọ́n àlejò ti tán nílé báyìí, mo sì lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Bàbá mi àgbà kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Ohùn wọn ló lọ sílẹ̀. Ọkàn wọn le bí òkúta Òkè Màpó, bí wọ́n bá sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, kò sí ẹni tó lè yẹ̀ wọ́n kúrò níbẹ̀, ìbáà ṣe Baálẹ̀ Ìbàdàn, ìbáà ṣe òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ tó ń ṣàkóso láti Àgodi.

N kò ní pìtàn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, àwọn náà kò sì mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n ti tó ẹni tó ń rẹrù nígbà ogun Kírìjì, pé wọ́n ti di bàbá ọlọ́mọ kí òyìnbó tó wá jókòó tì wá, àti pé láti ìgbà tí ọ̀rẹ́ wọn ìgbà èwe ti jẹ Baálẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbọ́ ohun gbogbo, kí wọ́n rò ó dáadáa, kí wọ́n sì sọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe fún Baálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ará ìlú fi ń pè wọ́n ní Etí Baálẹ̀. Orúkọ náà kò dùn mọ́ wọn nínú rárá. Wọ́n á ní, "Etí tó ń gbọ́ tí kò lẹ́nu, kí ló fi yàtọ̀ sí ihò ògiri?"

Fìlà ni wọ́n máa ń fọwọ́ rán. Kì í ṣe pé wọ́n ń tà á. Wọ́n kàn fẹ́ràn kí ọwọ́ wọn máa ṣiṣẹ́ bí etí wọn bá ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ènìyàn á sì máa wọlé: ẹni tó ń bá àbúrò rẹ̀ ṣe ìjà ogún, ẹni tí ọmọ rẹ̀ sá lọ, ẹni tó fẹ́ kí wọ́n bá òun dé ọ̀dọ̀ Baálẹ̀. Bàbá á máa rán fìlà lọ. Wọn kò ní wo ojú rẹ, wọn kò sì ní sọ pé "hẹn". Àlejò tí kò mọ̀ wọ́n á máa rò pé wọn kò gbọ́ òun. Ṣùgbọ́n bí o bá ti rí i pé wọ́n gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, yáa dákẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ ti tó wọn. Ọkùnrin kan rojọ́ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan títí oòrùn fi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ ló ń rò. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ, wọ́n ní, "Gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ ṣe lo ti sọ. Padà wá lọ́la, kí o wá sọ ohun tí ìwọ ṣe." Ọkùnrin náà kò padà wá. Ìyá wa àgbà sọ fún mi pé ó lọ bẹ ìyàwó rẹ̀ ni.

Nínú ilé wa, ọmọdé ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èyí máa ń bí bàbá tó bí mi nínú. Nígbà tí wọ́n ń jiyàn bóyá kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì tàbí kí n má lọ, Bàbá pe gbogbo wa jọ, wọ́n sì kọjú sí èmi tí mo kéré jù.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lo rí sí i?"

Bàbá tó bí mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí ni ọmọdé yìí mọ̀? Kéú ni ọmọ Mùsùlùmí ń ké. Àwọn wọ̀nyẹn á sọ ọ́ di Màríà kó tó di ọdún tó ń bọ̀."

"Ganíyù, mo gbọ́. Òun ni mo bi."

Mo ní mo fẹ́ lọ, mo sì fẹ́ ké kéú náà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ tirẹ̀, Ìyá àgbà sọ tirẹ̀, bàbá mi sọ tirẹ̀ tìbínú-tìbínú. Bàbá sọ tiwọn gbẹ̀yìn: kí n máa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, kí n máa ké kéú nírọ̀lẹ́. Bí mo ṣe di ẹni tó lè kọ ohun tí ẹ ń kà yìí nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi tún ń ráhùn pé wọ́n gba ọmọdé láyè jù, Bàbá dá a lóhùn pé, "Bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀dà ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni wàá máa gbọ́ lẹ́nu àwọn yòókù. Mo ti gbọ́ tèmi rí; tiwọn ni mo fẹ́ gbọ́."

Ìlànà kan náà ni wọ́n ń lò ní ilé Baálẹ̀. Òyìnbó ni kò mọ ọwọ́ wọn. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ kí títì kan la àárín Ọjà'ba kọjá, kí wọ́n sì wó ìsọ̀ àwọn obìnrin tó wà lójú ọ̀nà. Ó ní kí Baálẹ̀ fún òun lésì lójú ẹsẹ̀. Bàbá sọ̀rọ̀ sí Baálẹ̀ létí, Baálẹ̀ sì ní, "A ti gbọ́." Inú Ajẹ́lẹ̀ dùn, ó dìde, ó fẹ́ bọ Baálẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá sọ fún ògbufọ̀ pé kó dá a dúró. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé gbígbọ́ ni gbígbọ́, gbígbà ni gbígbà." Ògbufọ̀ ń làágùn, kò mọ bí òun á ṣe tú u. Wọ́n jọ fà á títí, ìgbà tó sì yá, títì náà yà gba ẹ̀yìn ọjà.

Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gba odindi ìlú nímọ̀ràn yìí, oníjà ènìyàn ni. Wọ́n ń bá lèmọ́ọ̀mù jà nítorí wáàsí tó gùn jù. Wọ́n ń bá Ìyá àgbà jà nítorí iyọ̀ inú ọbẹ̀, Ìyá àgbà náà kì í sì í gbà fún wọn. "Ẹ ń bá Baálẹ̀ tọ́ ìlú," ni wọ́n máa ń sọ, "ẹ ò lè tọ́ ọbẹ̀ wò kí ẹ tó dá mi lẹ́bi." Ṣùgbọ́n ìjà àgbà ni ti Lásùnkànmí.

Olóyè ni Baba Lásùnkànmí, ará Bẹẹrẹ, òun àti Bàbá jọ wà nínú ìgbìmọ̀ ni. Oko àwọn méjèèjì pààlà lọ́nà Ìjàyè, odò kékeré kan ló wà láàárín. Lásùnkànmí ní odò náà ti yà kúrò níbi tó ń gbà tẹ́lẹ̀, àti pé òdìkejì odò níbi tí Bàbá gbin kòkó sí, ilẹ̀ bàbá òun ni. Bàbá ní irọ́ ni. Wọn kì í kí ara wọn. Bí wọ́n bá jókòó ní ilé Baálẹ̀, tí ẹni kìíní lè fọwọ́ kan ẹnì kejì, Baálẹ̀ ni wọ́n ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀: "Baálẹ̀, ẹ bá mi sọ fún ẹni yẹn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lórí." "Baálẹ̀, ẹ bá mi dá a lóhùn pé tirẹ̀ kò nídìí." Mo bi Bàbá nígbà kan pé ṣé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni láti kórìíra Mùsùlùmí ẹgbẹ́ ẹni. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ṣe ní gbangba ni. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín sí ọ tó ń fi tirẹ̀ pamọ́ ni kí o máa ṣọ́."

Ọ̀rọ̀ Lásùnkànmí yìí náà ló bí ohun tí n kò lè gbàgbé nípa wọn.

Ajẹ́lẹ̀ rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí oko, kí wọ́n lọ ka ilé tó wà ní abúlé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ará oko ní owó orí tuntun ló ń bọ̀. Ní abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko Lásùnkànmí, àwọn ọ̀dọ́ dojú ìjà kọ wọ́n, wọ́n mú àkọ́dà, ìránṣẹ́ ìjọba tó ṣáájú wọn, wọ́n lù ú, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ lápá. Nígbà tí ìròyìn dé Àgodi, ohun tí Ajẹ́lẹ̀ gbọ́ ni pé Olóyè Lásùnkànmí wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Lásùnkànmí ti ń ta kò ó nínú ìgbìmọ̀. Ó ní Lásùnkànmí ló rán àwọn ọ̀dọ́ náà níṣẹ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n gba oyè lórí rẹ̀, kí wọ́n lé e kúrò ní Ìbàdàn lọ sí ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tó kù ni ẹlẹ́rìí tó níyì. Àwọn ènìyàn sì sọ fún un pé Àkànjí wà lóko tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, lódìkejì odò, ó sì rí ohun gbogbo.

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Bàbá sí yàrá. Ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, Bàbá sọ ọ́ fún Ìyá àgbà, Ìyá àgbà sì sọ ọ́ fún mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Baálẹ̀ ní, "Àkànjí, o rí Lásùnkànmí láàárín àwọn tó ń lu àkọ́dà?"

"Mo rí i láàárín wọn. Ó ń fà wọ́n sẹ́yìn ni. Òun ló dùbúlẹ̀ lé àkọ́dà lórí tí wọn kò fi pa á."

 Baálẹ̀ ní, "Bí Ajẹ́lẹ̀ bá bi ọ́, sọ pé o rí i láàárín wọn, kí o sì jókòó. N kò ní kí o purọ́. Òtítọ́ ni."

"Òtítọ́ tí a bá gé sí méjì, Baálẹ̀, irọ́ méjì ni."

"Bí kì í bá ṣe òun, èmi ni! Òyìnbó yìí ti sọ ọ́ pé bí n kò bá lè fi ẹni tó jẹ̀bi hàn, á jẹ́ pé apá mi kò ká ìlú. Ṣé èmi lo fẹ́ kí wọ́n yọ? Ọ̀tá rẹ ni Lásùnkànmí, Àkànjí. Ọ̀rẹ́ rẹ ni mo jẹ́."

 Bàbá dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí Baálẹ̀, wọ́n sì bọ̀ wá sílé. Ìyá àgbà ní wọn kò fọwọ́ kan oúnjẹ, wọn kò sì dárúkọ iyọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀rù ba Ìyá àgbà. Wọ́n ní, "Ẹ wo àwọn ọmọ tó kún ilé yìí. Ẹ lè dákẹ́ kẹ̀. Ẹ lè ní ara yín kò yá." Bàbá ní, "Ara mi yá. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè dákẹ́."

Bàbá tó bí mi wà láàárín èrò lọ́jọ́ ìgbìmọ̀ náà. Ó ní iwájú ilé Baálẹ̀ kún títí dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà Màpó. Ajẹ́lẹ̀ wà lórí àga, ògbufọ̀ dúró tì í. Lásùnkànmí jókòó sílẹ̀ láàárín, kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n pe Bàbá, ojú gbogbo ènìyàn ti sọ pé ó ti parí fún Lásùnkànmí, nítorí ta ni kò mọ ìjà wọn? Lásùnkànmí fúnra rẹ̀ doríkodò.

Bàbá dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ sókè.

"Ọ̀tá mi ni Lásùnkànmí. Gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀. Bí ẹ bá ní kí n wá rojọ́ ààlà oko, n ó rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ní ó ṣe yìí, kò ṣe é. Ó ṣojú mi. Òun ló gba àkọ́dà yín sílẹ̀. Ẹ pe àkọ́dà, kí ẹ bi í."

Bàbá mi ní ariwo sọ. Ojú Ajẹ́lẹ̀ pọ́n bí epo. Ó kọjú sí Baálẹ̀, ó bi í nípasẹ̀ ògbufọ̀ pé ṣé Baálẹ̀ ló rán ẹni tó ń gbà á nímọ̀ràn pé kó wá sọ báyìí. Gbogbo ènìyàn ń wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ wo ilẹ̀, ó ní, "N kò rán an."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Bàbá kò gbàgbé títí wọ́n fi kú. Wọ́n wo ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja níwájú gbogbo èrò, wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku aṣọ wọn nù, wọ́n sì rìn jáde. Ẹ̀yìn wọn ni wọ́n mú àkọ́dà wọlé pẹ̀lú apá tí wọ́n so rọ̀. Ọkùnrin náà ti ń dákẹ́ láti ìgbà yẹn nítorí ìbẹ̀rù ọ̀gá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní nígbà tí àgbàlagbà kan ti sọ ọ́, òun kò lè sẹ́ ẹ: Lásùnkànmí ló dùbúlẹ̀ lé òun. Àwọn ọ̀dọ́ mélòó kan lọ sẹ́wọ̀n. Lásùnkànmí gbé oyè rẹ̀ lọ sílé. Baálẹ̀ náà kò kúrò lórí àga. Ẹnìkan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà lé: Ajẹ́lẹ̀ ní òun kò fẹ́ rí Àkànjí nínú ìgbìmọ̀ mọ́, Baálẹ̀ sì gbà.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa tó máa ń kún láàárọ̀ wá dá páropáro. Àwọn tó ń dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá tẹ́lẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn lọ sí Ọjà'ba kí wọ́n má baà kí wọn. Bàbá ń rán fìlà. Bí inú wọn bá bàjẹ́, èmi kò mọ̀ ọ́n lójú wọn. Iye fìlà tó wà nílé ló ń pọ̀ sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lágbàlá nígbà tí Baba Lásùnkànmí wọlé. Wọn kò tíì tẹ ilẹ̀ ilé wa rí. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Àkànjí, mo wá dúpẹ́."

"Dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. N kò ṣe é nítorí rẹ."

"Nítorí ta ni nígbà náà?"

"Nítorí ara mi. Èmi ni mo máa ń bá ara mi jí láràárọ̀."

Lásùnkànmí ní, "Ọ̀rọ̀ ààlà wa wá ńkọ́?"

"Ààlà wà níbi tó wà. Ilẹ̀ mi ni."

"Ilẹ̀ bàbá mi ni!"

Ni ìjà bá tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìyá àgbà gbé omi fún Lásùnkànmí, wọ́n mu ún, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá àgbà, wọ́n sì ń bínú lọ sí Bẹẹrẹ. Ìyá àgbà ní, "Ṣé ẹ ò lè fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ lónìí nìkan?" Bàbá ní, "Bí mo bá fi sílẹ̀ lónìí, á rò pé torí pé mo ti ń kábàámọ̀ ìjà náà ni mo fi jẹ́rìí fún un. Jẹ́ kó mọ̀ pé ọ̀tá rẹ̀ ló sọ òtítọ́ nípa rẹ̀. Ó níyì jù bẹ́ẹ̀."

Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, òjò tún rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ kan, a rí Baálẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nínú ọ̀nà tóóró tó wọ agbo ilé wa, kò sí afunfèrè níwájú, kò sí ẹṣin. Gbogbo wa wólẹ̀. Bàbá nìkan ló jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó dìde.

Baálẹ̀ ní, "Àkànjí, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni gbogbo àwọn tó yí mi ká ń sọ fún mi."

"Ṣé èyí tí ẹ kò fẹ́ gbọ́ lẹ wá gbọ́?"

"Òun ni mo wá gbọ́."

"Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ eléyìí, Baálẹ̀. Ó dùn mí."

Baálẹ̀ tẹrí ba. N kò rí i rí kí olórí ìlú tẹrí ba fún ẹnìkan. Ó ní, "Ó dun èmi náà. Láti ọjọ́ yẹn ni."

 Bàbá na ọwọ́ sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ní, "Ó tó. Ẹ jókòó. Kí ni Ajẹ́lẹ̀ tún ní?"

Ajẹ́lẹ̀ tuntun ti dé nígbà náà, kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹjọ́ àtijọ́. Bàbá padà sí ọwọ́ ọ̀tún Baálẹ̀. Kò pẹ́ tí Lásùnkànmí gbé ọ̀rọ̀ ààlà wá síwájú ìgbìmọ̀. Bàbá fúnra wọn ló kúrò lórí ìjókòó wọn, wọ́n lọ jókòó sílẹ̀ bí ẹlẹ́jọ́. Ìgbìmọ̀ lọ wo odò náà, wọ́n bá àwọn àgbà abúlé sọ̀rọ̀, wọ́n sì dá Lásùnkànmí láre. Kòkó tí Bàbá gbin bọ́ sọ́wọ́ Lásùnkànmí. Bàbá mi fẹ́ ya wèrè. Ó ní, "Ẹni tí ẹ gbà sílẹ̀! Ẹni tí à bá ti lé lọ sílùú onílùú! Òun ló ń gba oko lọ́wọ́ yín?" Bàbá ń bọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, "Ganíyù, mo gbà á lọ́wọ́ irọ́. N kò rà á."

Ìyá àgbà ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Baálẹ̀ wàjà. Bàbá ń jẹ ọbẹ̀ ìyàwó bàbá mi láìsọ̀rọ̀ nípa iyọ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé wọ́n ń lọ. Àìsàn tó mú wọn kò gùn. Nígbà tí mo ti Òkè-Àdó tí mo ń gbé nígbà náà dé lọ́jọ́ ìkẹyìn, wọ́n ṣì dá mi mọ̀, wọ́n sì bi mí pé kí ni mo rò nípa oògùn tí wọ́n ń fún wọn. Mo ní n kò rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ló sọ ọ́."

Ọ̀sán ni wọ́n kú, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a sin wọ́n sí àgbàlá. Àwa obìnrin dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Lèmọ́ọ̀mù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà nígbà tí èrò là sí méjì, tí ọmọ Baba Lásùnkànmí mú bàbá rẹ̀ lápá wọlé. Wọ́n ti darúgbó gan-an, ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n fún àwọn ní ọkọ́. Ọmọ wọn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é." Wọ́n ní rárá. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wọ́ iyẹ̀pẹ̀ sínú ibojì náà, díẹ̀díẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń dúró dè wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n fi ọkọ́ ti ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láìgba ẹnu ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní, "Àkànjí, ta ló kù báyìí tó lè sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa?"